Ilẹ̀kùn Mi Lára Ọkọ̀ Ẹlòmíràn

Kí n tó di ìyàwó Ọ̀gá Àtẹ́lẹwọ́, oníbàárà rẹ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ á ní owú lásán ló ń jẹ mí. Owú ń jẹ mí lóòótọ́, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa tún ara ọkọ̀ ṣe. Bí ọkọ̀ bá forí gbárí, tí ara rẹ̀ wó bí agolo tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Á lù ú, á fà á, á fi sáńpépà ha á, á kùn ún ní ọ̀dà, títí ẹni tó ni ín á fi gbàgbé pé jàǹbá kan ṣẹlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Àtẹ́lẹwọ́ ni pé kì í gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Bó bá lu irin tán, á dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ náà á sì sọ fún un ibi tó ṣì ga àti ibi tó ṣì wọlé.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, mo máa ń jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀, lórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù níbẹ̀, mo ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ ra ọkọ̀ mi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló wọlé díẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn á ṣe tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá ní ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní ọ̀dà náà kò tíì dọ́gba, kí n padà wá. Mo ń padà wá, ó ń nu àga fún mi, ó ń ra omi tútù fún mi, ó ń pè mí ní “Màdámú mi”, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ọkọ̀ ti dá tipẹ́ kí ó tó gbà pé ó dá. Bí mo ṣe di ìyàwó nìyẹn.

Nítorí náà, bí mo bá rí ọkọ mi tó ń nu àga fún obìnrin, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Òun ló gbé mi dé ilé rẹ̀.

Kọ́tìnnì lèmi ń rán. Mo ń wọn fèrèsé àwọn ènìyàn, mo ń rán an, mo sì ń lọ gbé e kọ́ fúnra mi, tirin tirin. Abẹ́rẹ́, téèpù, sípánà, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú báàgì mi. Aránṣọ tó bá rò pé òun lè máa gbé irin kọ́tìnnì kiri nínú takisí, kó dán an wò. Á jẹ èébú dírẹ́bà yó, á tún sanwó èébú náà. Ọkọ̀ mi ni ẹsẹ̀ iṣẹ́ mi, ìyẹn ni mò ń sọ.

Táńkà omi kan ló wá gbá mi ní oríta. Ó fẹ́ yà, kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìdí ha ọkọ̀ mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, lápá ibi tí mo jókòó sí gan-an. Orí mi bá mi ṣe é, nǹkan kan ò ṣe mí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi wọlé débi pé kò ṣeé ṣí mọ́. Mo ní láti wọ́ ìdí kọjá sórí ìjókòó kejì, mo sì gba ilẹ̀kùn ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà jáde. Ilẹ̀kùn yẹn kò ní àbààwọ́n kankan. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ìsọ̀ ọkọ mi. Àwọn tó bá mi kẹ́dùn ń sọ pé mo tiẹ̀ ṣoríire, pé ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló fẹ́ mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ọ̀gá yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, kò tiẹ̀ dijú, kò fi ọwọ́ ra nǹkan kan.

“Kékeré ni,” ó ní. “Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Màá ṣe é tí mo bá ráyè.”

Àyè ò yọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń sá aṣọ iṣẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n ń to agolo ọ̀dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni pé tábìlì ni. Ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn tèmi ń jáde, èyí tó dé lẹ́yìn ìyẹn náà ń jáde. Bí mo bá béèrè, ọkọ mi á wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó fẹ́ jẹun kí àlejò tó jẹ.

“Ṣé kí n wá lé oníbàárà nítorí ẹ ni?” á ní. “Ìwọ kì í ṣe àlejò.”

Ìgbà náà ni Onígíláàsì dé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí awò ojú ló ń tà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n fi díńgí yí ká. Obìnrin náà rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ká ní kò rẹwà ni, ǹ bá ti máa sùn dáadáa. Irú ọkọ̀ mi gẹ́lẹ́ ló ní, àfi pé tèmi jẹ́ àwọ̀ eérú, tirẹ̀ sì pupa, pupa tó jinlẹ̀ dáadáa. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà gbá òpó géètì ara rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà sì ká kò. Òpó géètì kì í rìn, kì í sáré, ojú kan náà ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n. Ẹni tó ń ta awò ojú fún àwọn ènìyàn ni kò rí i.

Bí ilé wa ṣe di ilé ọ̀dà pupa nìyẹn. Ọ̀gá á ti ibi iṣẹ́ dé, pupa á wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, pupa á wà létí rẹ̀. Ó gé páànù sí wẹ́wẹ́, ó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní pupa tó yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, ó tò wọ́n sójú fèrèsé wa kí oòrùn àárọ̀ lè tàn sí wọn lára. Ó ní ọ̀dà tó bá jọra nínú ìsọ̀ lè má jọra nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ló pè mí, nítorí ó mọ̀ pé ojú mi mọ àwọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

“Bá mi wò ó,” ó ní. “Èwo nínú wọn ló sún mọ́ ti Màdámú jù?”

Ẹ wo ìyà. Èmi tí mò ń fi takisí gbé irin kiri, èmi ni mo dúró pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, tí mò ń bá obìnrin mìíràn yan pupa. Mo fẹ́ nawọ́ sí èyí tí kò dára. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ò jẹ́, ìka mi lọ sórí èyí tó dọ́gba, ọkọ mi sì gbá mi léjìká bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́.

“Inú ẹ̀ á dùn,” ó ní. Kì í ṣe inú tèmi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ra tapólì, ó fi bo ọkọ̀ mi látòkè délẹ̀, ó sì fi okùn so ó yíká. Ó ní kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo ní ọkùnrin yìí ṣì ń rò mí, iṣẹ́ ló kàn pọ̀ jù fún un. Mo fọ gbogbo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀dà tí kì í jáde, mo rí i pé ó jáde.

Ṣùgbọ́n inú dídùn yẹn kò pẹ́. Mo gba ìsọ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kí n kí i. Onígíláàsì jókòó lórí àga onítìmùtìmù, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń mu omi tútù. Ọkọ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ti gba ọ̀dà funfun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kùn kí wọ́n tó kun àwọ̀ gan-an, Ọ̀gá sì dijú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀ mi tó wà lábẹ́ tapólì, wọn ò rí mi. Owú tó jẹ mí lọ́jọ́ náà, ká ní wọ́n ń fi owú dáná ni, a kì bá ra gáàsì lọ́dún yẹn.

Mo bi í nígbà tó délé. Mi ò lè gbé e sùn.

“Ṣé o fẹ́ràn obìnrin yẹn ni?”

“Obìnrin wo?” Ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́. “Ṣé Màdámú? Oníbàárà mà ni.”

“Èmi náà ti jẹ́ oníbàárà rí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. “Ìwọ ti wà nílé báyìí. Ta ló tún ń sáré lé bọ́ọ̀sì tó ti wọ̀?”

Ó rò pé àwàdà ló fi dá mi lára yá. Mo wọlé lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń rò ó. Mi ò gbà pé ó ń bá obìnrin náà ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ rọrùn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ja irú ìjà yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkùnrin yìí ní ojú àánú, ó ní sùúrù, ó ní ọwọ́ tó tutù, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá ti ìta wọlé. Àìrí ọkọ̀ lò, mo lè fara dà á. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọkọ mi ṣì ń rí mi. Bí kò bá rí mi mọ́, kí n mọ̀, kí n mọ ohun tí mo máa ṣe sí ayé mi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi parí ọkọ̀ pupa náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo rí i tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń dán. Onígíláàsì sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi dáadáa. Kò mọ̀ mí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó ní. “Ọ̀gá tó bá mi tún ọkọ̀ ṣe ló júwe yín. Ó ní òun mọ aránṣọ kan tó mọ kọ́tìnnì í rán.”

Aránṣọ kan. Ó lè sọ pé “ìyàwó mi”, ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju ìyẹn lọ. Mo ní, “Ó ṣeun.” Mi ò sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo fẹ́ rí ilé rẹ̀, kí n má tàn yín. Mo fẹ́ rí irú àga tó ń jókòó lé nígbà tí kò bá sí ní ìsọ̀ ọkọ mi. Ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ wọn fèrèsé, pé òun á dá mi padà. Mo gbé báàgì mi, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ibi ìgbọ́wọ́lé tó wà lára ilẹ̀kùn.

Nǹkan kan gún mi. Mo wò ó. Awọ dúdú ni, ó ti fàya rí, ẹnì kan sì fi òwú aláwọ̀ ewé rán an. Èmi ni. Òwú dúdú tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo rán an, mo ní ta ló fẹ́ wá yẹ inú ilẹ̀kùn wò. Ẹnu òwú tí mo dì níbẹ̀ le, ó sì máa ń gún ènìyàn. Kò sí aránṣọ tí kò mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá ti kun gbogbo ìta rẹ̀, kò rántí inú.

Mo ní, “Ọkọ̀ yín dára o. Ilẹ̀kùn àtijọ́ náà ni wọ́n lù títí tó fi rí báyìí?”

“Rárá o,” Onígíláàsì ní. “Ìyẹn kò ṣeé ṣe mọ́. Mo ti ń ronú ibi tí mo ti máa rí òmíràn, àfi bí Ọ̀gá ṣe ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní ọkọ̀ kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun tó jẹ́ irú tèmi gẹ́lẹ́, tí kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́.”

Mo kọjú sí gíláàsì fèrèsé, mò ń wo àwọn ilé tó ń kọjá. Ohun tó wà lábẹ́ tapólì yé mi wàyí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀, tí owú ń sè nínú mi, ilẹ̀kùn tèmi gan-an ló ń fi ọwọ́ ra. Ilẹ̀kùn tó gbà mí là ló tú lára ọkọ̀ mi, ó rà á bí ẹyin, ó sì fi í ta obìnrin mìíràn lọ́rẹ. Kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́. Èmi wá ni n kò sí.

Nígbà tá a dé ilé rẹ̀, Onígíláàsì ní òun fẹ́ lọ ṣí àwọn yàrá. Mo ní mò ń bọ̀, mo fẹ́ mú téèpù. Téèpù kọ́ ni mo mú. Adìẹ dà mí lóògùn nù, èmi náà á fọ́ ọ lẹ́yin. Mo ṣí ilẹ̀kùn náà gbàrà, mo fi sípánà bọ nọ́ọ̀tì ibi tó ti so mọ́ ara ọkọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọkọ mi mọ nọ́ọ̀tì í dì, ẹ jẹ́ kí n yìn ín fún ìyẹn. Mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Sípánà náà yọ̀, ó fi ẹnu ha ọ̀dà pupa náà fàà, ọwọ́ mi sì lọ bá etí irin. Mi ò tiẹ̀ wò ó. Mo tún fi sípánà bọ̀ ọ́.

“Aránṣọ, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?” Onígíláàsì ti jáde sẹ́nu ọ̀nà.

“Mò ń tú ilẹ̀kùn mi.”

“Ilẹ̀kùn yín báwo?”

“Ọkọ̀ tó ní kò sí ẹni tó ń lò mọ́, èmi ni mò ń lò ó. Ọ̀gá yín, ọkọ mi ni.”

Kò bá mi jà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, kò wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kàn wò mí, ó wo ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀ níbí kíá. Ẹnì kan ń tú ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi.” Kò sọ ẹni tó jẹ́. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí Ọ̀gá máa ṣe ni.

Ọkọ mi, tó ní òun ò ráyè wá gbé mi nínú òjò lọ́jọ́ kan, ọkọ mi dé kí n tó mí dáadáa. Ó sáré wọ géètì. Ó rí mi, mo mọ̀ pé ó rí mi, torí ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn náà, ó fa àkísà yọ nínú àpò, ó nu ibi tó ha. Lẹ́yìn náà ló dijú, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á.

“Kò wọlé,” ó ní. “Ọ̀dà nìkan ló bó. Ẹ má bínú, Màdámú, lọ́la ni màá ṣe é.” Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi. “Kí ni mo ṣe fún ẹ tí o fi fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ lójú oníbàárà? Ilẹ̀kùn lásán. Mo ti ní màá wá òmíràn fún ẹ.”

“Ìgbà wo lo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo ní i lọ́kàn.”

“Ọ̀gá,” Onígíláàsì ní, “ta ni obìnrin yìí sí yín?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Aránṣọ kan lẹ pè é fún mi.” Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. “Ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé.”

Nígbà náà ni mo wo ọwọ́ mi. Ó ti ń kán sí bàtà mi, ó ti kán sórí sípánà. Ọkọ mi náà wò ó. Onígíláàsì ló wọlé lọ mú tówẹ̀lì, òun ló di ọwọ́ mi, ó fún un pinpin. Obìnrin tí mo ti ń bá jà lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá ló ń sọ fún mi pé kí n pẹ̀lẹ́, pé wọ́n máa rán an ni, ká tètè lọ sọ́sibítù. Ó mú mi lápá, ó fi mí jókòó sínú ọkọ̀, ó yí lọ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ọkọ mi wá dúró tì mí. Ó gbé ọwọ́ lé etí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ṣì ń retí. Bó bá ní “pẹ̀lẹ́” lásán, bó bá pè mí ní orúkọ, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí n bá a lọ sílé, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

“Rọra tì í o,” ó ní. “Ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa.”

Mo fi ọwọ́ mi tí kò ní egbò fa ilẹ̀kùn náà, gbogbo agbára tó kù nínú mi ni mo fi fà á. Gbogbo ọkọ̀ náà mì. Ó fò sẹ́yìn, ó ń wo ìka rẹ̀.

Onígíláàsì ti kaná sí ọkọ̀. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà níwájú rẹ̀.

“Kò jọ pé ó wọlé dáadáa,” ó ní. “Ẹ tún un tì.”

Mo tún un tì.